Àyẹ̀wò itọ́ kò lè sọ fún ọmọ yín bóyá British ni

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Leeds. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mí. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí mi. Òyìnbó ni ọkọ mi, ọmọ Yorkshire. Ọmọkùnrin wa pé ọdún mẹ́tàlá lóṣù tó kọjá, Leeds níbí ni mo bí i sí. Nígbà Kérésì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ra àyẹ̀wò DNA fún un, ó tutọ́ sínú ike, a fi ránṣẹ́. Èsì rẹ̀ dé: Nàìjíríà 31, Benin àti Togo 17, England 34, Scotland 11, Norway 7. Ó mú un lọ síléèwé, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan sì ní kò síbi tí wọ́n kọ British sí níbẹ̀, pé òun kì í ṣe British gidi nìyẹn. Nígbà tí a lọ sílé lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ti sọ pé ọmọ òyìnbó lèyí, kì í ṣe ọmọ ilé wa. Bàbá ọkọ mi, tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú, máa ń pè é ní half-caste. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́ọ̀mù kan wá láti iléèwé, wọ́n ní kó fi àmì sí ẹ̀yà rẹ̀. Ó jókòó tì í títí, ó wá bi mí pé, 'Mummy, èwo ni kí n mú?' Mi ò rí èsì fún un. Ṣé British lọmọ mi àbí kì í ṣe British? Kí ni kí n sọ fún un?"

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. British ni ọmọ yín. Láti ìṣẹ́jú tí ẹ ti bí i ní Leeds ló ti jẹ́ British, ẹnu ọmọ kíláàsì kan kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ pálí, ìwé ìrìnnà lásán, ló gbé yín wá. Ohun mẹ́rin ló lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré: òfin, orúkọ orílẹ̀-èdè, ẹ̀jẹ̀, àti ilé. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ dáhùn ọ̀rọ̀ òfin. Ẹ̀gbọ́n yín fi àwọ̀ ara dáhùn ọ̀rọ̀ ilé. Ẹni tó ṣe ìwé àyẹ̀wò yẹn náà fi orúkọ orílẹ̀-èdè pe ẹ̀jẹ̀. Àárín gbogbo wọn lọmọ yín jókòó sí tó ń wo fọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni mo fi jẹun fún ọdún mẹ́tàlélógún ní gúúsù London kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa gbà pé ẹni tí wọ́n bá ti bí sí ìlú ọba, ó ti di ọmọ ìlú ọba. Láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983 ni kò ti rí bẹ́ẹ̀ mọ́, nígbà tí òfin British Nationality Act ọdún 1981 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí òfin náà ń wò ni òbí: bí ìyá tàbí bàbá bá jẹ́ British lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà, tàbí tí ọ̀kan nínú wọn bá ní àṣẹ àtimáa gbé ìlú yìí láìní gbèdéke, British lọmọ. Òbí kan ṣoṣo ti tó. Ọkọ yín ti parí ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó délé láti ọsibítù. Ká tiẹ̀ ní ẹ ò tíì ṣègbéyàwó nígbà náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2006 ni bàbá tí kò gbé ìyá ọmọ níyàwó náà ti lè fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ yìí, tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí. Ṣáájú ìgbà yẹn, òfin kì í ka irú bàbá bẹ́ẹ̀ kún. Mo ti rí ọmọ tó jọ bàbá rẹ̀ òyìnbó bí ẹni pé ó pọ̀ ọ́ sílẹ̀, tí òfin ní bàbá náà kò tó bàbá.

Ẹni tó máa ń dùn mí jù kì í ṣe irú ọmọ yín rárá. Ọmọ Yorùbá lọ́tùn-ún lósì ni, tí wọ́n bí ní Peckham, tó ń fi ohùn Peckham sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè rí pé ṣé British ni. Ó pé ọdún méjìdínlógún, ó fẹ́ wọ yunifásítì, wọ́n ní owó ẹ̀yáwó ìjọba kò kàn án, nítorí ìyá àti bàbá rẹ̀ kò ní ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọ̀nà wà fún irú wọn: ẹni tí wọ́n bí síbí, tó gbé ibí ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ láìkúrò nílùú ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, lè forúkọ sílẹ̀ di British. Àwọn òbí ni kì í mọ̀, tàbí kí wọ́n mọ̀ kí ẹ̀rù máa bà wọ́n. Tí ẹ bá mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ yín, ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kó má fi falẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn kọ́ lẹ béèrè, àmọ́ ẹnu mi kì í lè dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín wá ńkọ́? Òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò tì í lẹ́yìn. Abala 25 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí ni. Kò ní bàbá nìkan, ó ní ọ̀kan nínú wọn. Abala 28 sì jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí ní ìwé ìlú mìíràn láìsọ tiwa nù. Ìlú ọba gan-an ló pẹ́ kó tó gbà pé ìyá tó bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ọdún 1983, obìnrin British tó bímọ sí Ìbàdàn fún ọkọ Yorùbá kò lè fi ìjẹ́-ọmọ-ìlú tirẹ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́, ọkùnrin nìkan ló lè ṣe é. Àwọn ìyàwó òyìnbó tó wà ní ọgbà yunifásítì Ìbàdàn àti Ifẹ̀ láyé ọjọ́un mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà fún àwọn ọmọ wọn láti forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, ọmọ yín ní ilẹ̀ méjì lábẹ́ òfin, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún èyíkéyìí nínú wọn.

Ní ti orúkọ orílẹ̀-èdè, èdè wa náà dá kún ìdàrúdàpọ̀. Àwa ń pe gbogbo wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ dán an wò kí ẹ pe ará Glasgow ní Scotland ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ rí ojú tó máa ṣe. English jẹ́ orúkọ ẹ̀yà kan, bí ẹni ní Yorùbá. Scottish àti Welsh náà wà láàyè tiwọn. Àmọ́ British jẹ́ orúkọ àkópọ̀. Ọdún 1707 ni ilé aṣòfin England àti ti Scotland di ẹyọ kan tí wọ́n sọ ọ́ di Great Britain. Wọ́n fi Ireland kún un lọ́dún 1801, èyí tó pọ̀ jù nínú Ireland sì já ara rẹ̀ gbà lọ́dún 1922. Tí ẹ bá ń wá nǹkan tí ẹ máa fi wé, Nàìjíríà ni kí ẹ wò. Lugard so àríwá àti gúúsù pọ̀ lọ́dún 1914, gbogbo wa di Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sì yí padà lóru ọjọ́ náà. Ọmọ kíláàsì yẹn sọ òótọ́ kan láìmọ̀: kò sí British nínú itọ́ ọmọ yín. Kò sí Nàìjíríà níbẹ̀ náà. Ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò ló wá orúkọ lórí máàpù tó fi lẹ̀ ẹ́.

Bàbá bàbá tèmi, Èkó ni wọ́n bí wọn sí nígbà tí Èkó jẹ́ kólónì. Lójú òfin ìgbà náà, British subject ni wọ́n, ọmọ abẹ́ ọba bíi ẹni tí wọ́n bí ní Leeds. Ìyàwó wọn tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nípa ìbí, nítorí ilẹ̀ ààbò ni Ìjẹ̀bú, kì í ṣe kólónì. British protected person ni orúkọ tirẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó lórí ẹní kan náà o. Nígbà tí òmìnira dé lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, àwọn méjèèjì di ọmọ Nàìjíríà, ìjẹ́-British bàbá sì lọ láìdágbére. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín tí ọmọdé kan bá ń sọ̀rọ̀ British gidi. Àtìgbà tí wọ́n ti dá orúkọ yìí sílẹ̀ ni wọ́n ti ń sún ààlà rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Kódà àwọn òyìnbó fúnra wọn, fọ́ọ̀mù lásán lè mú wọn yí orúkọ padà. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2011 ní England àti Wales, ìdá 57.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní English nìkan ni àwọn, ìdá 19.1 ló ní British nìkan. Nígbà tó fi máa di ọdún 2021, àwọn tó ní English nìkan ti já sí ìdá 14.9, British nìkan ti fò sókè dé 54.8. Àbí ẹ̀jẹ̀ ló yí padà láàárín ọdún mẹ́wàá? Ohun kan pàtàkì tó ṣẹlẹ̀ ni pé lórí fọ́ọ̀mù England, wọ́n gbé British lọ sí òkè pátápátá, níbi tí English wà tẹ́lẹ̀. Mílíọ̀nù àìmọye èèyàn fi àmì sí èyí tí ojú wọn kọ́kọ́ rí. Tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá bá wá ń ṣiyèméjì níwájú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, òun ló tiẹ̀ ronú.

Ó ku ẹ̀jẹ̀, ibi tó sì ti rú ọmọ yín lójú jù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún un bí àyẹ̀wò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò rìn padà sẹ́yìn lọ wo ilé tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbé. Ilé iṣẹ́ náà ti kó itọ́ àwọn èèyàn òde òní jọ, àwọn tí ìdílé wọn ti pẹ́ lójú kan, ó wá ń fi ti ọmọ yín wé tiwọn, ó sì ń fojú bù ú pé apá ibí jọ ti àwọn tọ̀hún. Ìfojúbù ni. Nígbà tí àwọn tó kó jọ bá pọ̀ sí i, nọ́ńbà yóò yí padà láìjẹ́ pé ọmọ yín tún itọ́ tu. Ẹ wo tiwa: Nàìjíríà 31 àti Benin pẹ̀lú Togo 17, ẹ rò ó pọ̀, 48 ni. Ìdajì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti ọ̀dọ̀ yín wá, kò sí méjì tó sọnù. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ máa wá bàbá àgbà tí wọ́n fi pamọ́ sí Kùtọnu. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni wọ́n máa ń fún ní Benin àti Togo. Àwọn èèyàn wa wà ní Kétu, wọ́n wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n wà ní Àjàṣẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin tòní. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ibi tí ààlà máa gbà kọjá láàárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn kò mọ̀ pé wọ́n fala.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ó mọ̀, torí ó lè mú un yangàn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap láti ya àwòrán ìyàtọ̀ tó wà nínú DNA ọmọ èèyàn, ẹ̀yà mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ mú: àwọn òyìnbó kan ní Utah ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Japan ní Tokyo, àwọn Han ilẹ̀ China ní Beijing, àti àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn. Ọdún 2005 ni wọ́n gbé àbájáde àkọ́kọ́ jáde. Títí dòní, níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ DNA ilẹ̀ Áfíríkà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, ẹ̀jẹ̀ tí àwọn bàbá àti ìyá kan fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn ni wọ́n sábà máa ń fi wé.

Ní ti Norway 7, ẹ má sáré sọ fún un pé ọmọ Viking ni, àwọn jagunjagun orí omi láti Scandinavia láyé àtijọ́. Lóòótọ́ ni àwọn ará Scandinavia gba ìlú York lọ́dún 866, wọ́n sì jókòó sí Yorkshire pẹ́ títí, ó lè jẹ́ pé òun ló ń jáde níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé àyẹ̀wò náà kò lè ya ará àríwá Yúróòpù kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì dáadáa, nítorí wọ́n jọra. Bí ó bá ní àbúrò, Scotland tirẹ̀ lè jẹ́ 5 dípò 11, nítorí ìdajì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbà lára bàbá kì í ṣe ìdajì kan náà. Ta ló máa wá sọ pé ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ Scotland ju àbúrò lọ?

Ẹ wá sọ ìtàn yìí fún ọkọ yín, torí Yorkshire ló ti wá. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Leicester gbé iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn ọkùnrin òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan tó ṣọ̀wọ́n, orúkọ tó pilẹ̀ láti Yorkshire. Wọ́n wo apá DNA tí bàbá nìkan ń fún ọmọkùnrin. Nínú ọkùnrin méjìdínlógún tí wọ́n yẹ̀ wò, méje ló ní irú èyí tó jẹ́ pé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń rí i. Òyìnbó pọ́nbélé ni wọ́n lójú, wọ́n ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ó kéré tán, ọkùnrin dúdú kan tàbí àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ti ń bímọ ní Yorkshire. Iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015, tí wọ́n fi yẹ èèyàn tó lé ní ẹgbàá wò káàkiri àwọn ìgbèríko Britain, fi hàn pé kódà àwọn tí ìdílé wọn ò kúrò lójú kan rí, àdàlù ni wọ́n: ìdá mẹ́wàá sí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lára ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àárín gbùngbùn àti gúúsù England ni wọ́n fojú bù pé ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Anglo-Saxon wá, àwọn náà sì gba orí omi dé ni. Àdàlù ọmọ yín kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni, ó sì hàn lójú.

Bàbá ọkọ yín wá. Ẹ má bínú sí wọn, àmọ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Àwa náà ń sọ half-caste ní Nàìjíríà, a sì máa ń fi yin ọmọ pé ó rẹwà, kò sí ìkà nínú rẹ̀. Níbí, ìtàn tirẹ̀ burú. Ọ̀rọ̀ náà ti inú èrò pé ẹ̀yà kan mọ́, èkejì dọ̀tí wá. Lọ́dún 1930, ìwé ìwádìí kan jáde ní Liverpool nípa àwọn ọmọ tí àwọn atukọ̀ dúdú bí níbẹ̀. Half-caste ni ó pè wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó fi wọ́n hàn bí ìṣòro tí ó yẹ kí ìlú wá nǹkan ṣe sí, ọ̀pọ̀ ọdún ni àbùkù rẹ̀ sì fi lẹ̀ mọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ń wáṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí bàbá dàgbà láàárín ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀ pé ẹ̀gún wà nínú rẹ̀. Ọkọ yín ni kó bá wọn sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọ ló lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Dad, a kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," kó sì tán síbẹ̀. Tó bá ti ẹnu ìyàwó dúdú jáde, yóò di ìpàdé ẹbí. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti ṣe é rí, nígbà tí ọmọ mi fẹ́ òyìnbó tó bí ọmọ ọmọ méjì fún mi, àna mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Èyí tó nira jù ni ẹ̀gbọ́n yín, torí ọ̀rọ̀ tilé máa ń wọni lára ju ti òde. "Kì í ṣe ọmọ ilé wa." Ó dá mi lójú pé àṣà Ọ̀yọ́, tó ń ka ìran láti ìhà bàbá, ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, nítorí ní Ìjẹ̀bú tiwọn, ọ̀nà ìyá àti ọ̀nà bàbá ni ọmọ fi ń wọ agbo ilé. Ìjẹ̀bú kì í ka ìran láti ìhà bàbá nìkan. Ẹni tó bá lè tọ́ka sí ìyá ìyá rẹ̀ nínú ilé kan ní ẹ̀tọ́ nínú ilé náà. Tí ẹ bá tún lọ sílé, ẹ jẹ́ kí ìyá yín tàbí àgbàlagbà obìnrin kan nínú ilé sọ èyí fún wọn níṣojú ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi oríkì ilé kì í. Ọmọ tí wọ́n bá ki oríkì ilé fún ní gbangba kì í tún béèrè pé ìdá mélòó ni òun. Àti pé, mo fẹ́ bi yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: ṣé ó gbọ́ Yorùbá? Ẹ ò mẹ́nu bà á nínú lẹ́tà yín. Láti bíi ọdún 1955 títí dé àárín àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ wa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó ní Kent, ní Sussex, ní Essex, wọ́n ń sanwó lọ́sẹ̀ kí wọ́n lè ráyè kàwé. Mo bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdé lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti dàgbà, orúkọ wọn jẹ́ Yorùbá, ìyá àti bàbá wọn jẹ́ Yorùbá, àyẹ̀wò itọ́ yóò fún wọn ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn sunkún níwájú mi nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pé pérépéré, ilé ni kò sí nínú rẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá sọ fún un? Mo ti gbọ́ oríṣi mẹ́ta lẹ́nu àwọn ìyá. Àwọn kan máa ń ní, "British ni ẹ́, má dá wọn lóhùn." Òótọ́ ni, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ títí ọmọ fi máa rí i pé àwọn kan kò gbà. Àwọn mìíràn ní, "Yorùbá ni ẹ́, òyìnbó ò ní gbà ọ́ láé." Ìyẹn máa ń mú ọmọ gbára dì, àmọ́ ó ń lé e kúrò lára bàbá rẹ̀ tó jókòó sídìí tábìlì kan náà, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni, "Ìdajì-ìdajì ni ẹ́." Òun ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló ń da nǹkan rú jù, torí ọmọ á máa rò pé ibi méjì ni òun ti kù díẹ̀ káàtó. Bí ó bá jẹ́ èmi, màá sọ fún un pé: "Ọmọ Yorkshire ni ẹ́ nítorí bàbá ẹ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni ẹ́ nítorí mi, British ni ẹ́ nítorí òfin ìlú tí a bí ẹ sí. Ọ̀kan ò dín èkejì kù." Tó bá wá fẹ́ mọ ẹni tó ti rìn ọ̀nà náà, ẹ sọ ti John Archer fún un. Liverpool ni wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ wá láti Barbados, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ireland. Nígbà tí wọ́n fi jẹ olórí ìlú Battersea ní London lọ́dún 1913, ìwé ìròyìn ń méfò ilẹ̀ òkèèrè tó ti wá. Ó dá wọn lóhùn pé abúlé kékeré kan báyìí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ni wọ́n bí òun sí, Liverpool lorúkọ rẹ̀.

N kò ní tàn yín pé gbogbo èyí máa pa ẹnu ayé mọ́. Lóṣù kọkànlá ọdún 2022, nínú ààfin Buckingham gan-an, wọ́n bi obìnrin dúdú kan tí wọ́n bí sílùú yìí léèrè léraléra pé ibo ló ti wá gan-an, ó ní ibí, wọ́n tún bi í. Ìwé ìrìnnà kò gbà á lọ́wọ́ ìyẹn, kò sì ní gba ọmọ yín. Ohun kan tún wà tí àwọn agbẹjọ́rò kì í fẹ́ sọ fún ìyá: òfin gba ìjọba láàyè láti gba ìjẹ́-British lọ́wọ́ ẹni tó bá ní orílẹ̀-èdè mìíràn tó lè jókòó sí, bí mínísítà bá rí i pé ó ṣe ìlú láǹfààní bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó jẹ́ British láti ìbí, tí kò sì ní ju British lọ, kò ṣeé sọ di aláìnílùú lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe nǹkan tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ń rò. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín British kan àti òmíràn, kò tíì ka òfin náà tán. Bóyá kí ẹ gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún un báyìí tàbí kí ẹ dúró kó dàgbà, ẹ̀yin àti ọkọ yín lẹ lè pinnu ìyẹn. Èmi ò lè ti ibi tí mo wà mọ ọkàn ọmọ náà. Tó bá ń dákẹ́ jù, tó ń yẹra fún iléèwé, ẹ má dúró de èsì lẹ́tà mìíràn lọ́wọ́ mi, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù yẹn wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ètò ìkànìyàn ìlú yìí béèrè ẹ̀yà ni ọdún 1991, kò sì sí àpótí fún irú ọmọ yín níbẹ̀ rárá. Àdúgbò mi làwọn òbí ti ń fi àmì sí ohun tó bá wù wọ́n. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àpótí mẹ́rin síbẹ̀ fún àwọn aládàlù. Nígbà tó di 2021, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ní England àti Wales, ìdá 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èèyàn, nǹkan bí 250,000 nínú wọn ló sì fi àmì sí White and Black African. Nítorí kí wọ́n lè mọ iye àwọn ọmọ tó wà níléèwé àti bí nǹkan ṣe ń lọ fún wọn ni wọ́n ṣe ń béèrè. Ẹ fún un ní bírò, kó mú èyí tó bá wù ú. Tó bá fi àmì sí White and Black African, ó dára. Tó bá fẹ́ kọ "Yorkshire àti Ìjẹ̀bú-Igbó" sínú àlàfo ìsàlẹ̀, akọ̀wé iléèwé yóò wá ibi tó máa fi sí. Ẹ̀yin kàn fọwọ́ sí i, kí ẹ dá a padà kí ọjọ́ tó kọjá.